Wọ́n ní kí n kó àwọn tíṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ láti máa ṣe ìwádìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Máàsì, London:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì FE, níbi táwọn ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì, ni mo ti ń kọ́ni ní máàsì, àwọn ọmọ tí wọn ò rí grade 4 (máàkì ìyege) mú nínú GCSE, ìdánwò ìparí sẹ́kọ́ńdìrì níbí, ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ẹ sì mọ̀ pé láti 2014 ni ìjọba ti so owó kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ ọn pé ọmọ tí ò bá tíì yege gbọ́dọ̀ máa kà á lọ, torí náà ọ̀pọ̀ wọn ò fìfẹ́ jókòó síwájú mi. Ọ̀gá wa wá ní èmi ni kí n ṣe aṣáájú ìwádìí, kí gbogbo tíṣà máa wádìí iṣẹ́ ara wọn. Mo pe mítìn, èèyàn mẹ́ta ló yọjú, ọ̀kan nínú wọn bisikíìtì ló bá wá. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní mẹkáníìkì ní òun ò wá ṣe PhD níbí. Mi ò bá a wí, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Àbúrò mi, padà lọ bá ọ̀gá ẹ ná. Bèèrè wákàtí. Tí kò bá ti sí nínú tàìmùtébù, ariwo lásán ni, àwọn tíṣà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà Birmingham:
Ohun tí Mà sọ yẹn gan-an ni. Ẹ má tiẹ̀ pè é ní ìwádìí níwájú wọn, ẹ bi wọ́n pé kí ló ń dà wọ́n láàmú ní kíláàsì. Tèmi ni pé mo máa to bíríkì fún àwọn ọmọ wò, wọ́n á ní àwọn ti rí i, tó bá dọwọ́ wọn, ògiri á wọ́. Mo wá pín wọn sí méjì, àwọn kan wò mí kí wọ́n tó ṣe tiwọn, àwọn yòókù kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra wọn. Mílímítà 10 ló yẹ kí mọ́tà àárín bíríkì jẹ́, tépù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí símẹ́ǹtì ti bò. Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú ló béèrè ìbéèrè tó mọ́pọlọ dání jù, àmọ́ ògiri wọn ò tọ́ ju tàwọn yòókù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́ fún àwọn kọ́líìgì mi, ẹni tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ iná ní òun náà á dán an wò.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé ọwọ́ àwọn méjèèjì dọ́gba níbẹ̀rẹ̀?

Bíríkìlà Birmingham:
Hmm, Mà, kò dọ́gba o. Àwọn kan ti ń bá bàbá wọn lọ sáìtì. Tá a bá dé orí igun ògiri, màá pààrọ̀ wọn.

Olùkọ́ Ọ̀yọ́:
Níbi tiwa ní Nàìjíríà, wàhálà ọ̀tọ̀ ni. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń fún pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tìjọba lówó ìwádìí, ìgbéga sì rọ̀ mọ́ iye pépà téèyàn bá tẹ̀ jáde, làwọn kan bá ń sanwó fún jọ́nà tí kò sẹ́ni tó máa kà á, ọmọ tó wà ní kíláàsì ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá yín máa ka iye jàre.

Àǹtí Lewisham:
Ẹ rántí ìlànà BERA o, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀kọ́ ní Britain. Tó bá máa jáde síta, ẹ sọ fáwọn ọmọ, kí wọ́n lè kọ̀ tí wọn ò bá fẹ́, kí ẹ má sì kọ orúkọ wọn. Ẹgbẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní LSRN náà wà, àwọn tíṣà FE bíi tiyín ló ń pàdé níbẹ̀.

Tíṣà Máàsì, London:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá pé wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni mo fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá, kí wọ́n yọ mítìn kan kúrò fún un. Mo sì bi àwọn tíṣà ní ìbéèrè Bọ̀dá Bíríkìlà ní yàrá oúnjẹ. Ẹni tó ń kọ́ wọn nírun ṣíṣe ní àwọn ọmọ òun ń po dáyì mọ́ pàrọ́sáìdì, ọ̀kan sí méjì, láìṣì í pò. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló ń gba òdo nínú ratio lọ́dọ̀ mi! A ti fẹnu kò, èmi ló máa lọ jókòó ní sàlúùnù wọn lọ́jọ́ Tuesday, kí n rí bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.