Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: màmá àgbà àti ọmọ mẹ́ta ní New York lóṣù keje

Ìyá Ìbejì (Manchester): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Àbúrò ọkọ mi ń ṣègbéyàwó ní Brooklyn lóṣù keje. Tí a bá ṣe é tán, a fẹ́ dúró díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè fojú rí New York. Àwọn ìbejì ti pé ọdún 9, àbígbẹ̀yìn wà ní 3. Ìyá ọkọ mi náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní 70, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bàbá Ìbejì ti to ètò kalẹ̀ bí ẹni ń lọ ogun: àárọ̀ Statue of Liberty, ọ̀sán Times Square, ìrọ̀lẹ́ Central Park, ẹsẹ̀ la ó sì fi rìn ín. Mo ní ooru ńkọ́? Wọ́n ní, "Ọmọ Ìbàdàn ni màmá mi, ooru wo ló wà l'Amẹ́ríkà?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbébẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé tí oòrùn bá mú n'Íbàdàn, ibòji la máa ń wá. Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Challenge lágogo méjì ọ̀sán? 😂

Bàbá Bronx: Ìyàwó wa, ẹ kú ìmúra. Ooru ibí yàtọ̀ sí ti ilé. Lóṣù keje, ọ̀sán sábà máa ń wà ní bíi 29 lórí Celsius, ṣùgbọ́n tí ooru bá gorí ooru fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè kọjá 35. Ìrì omi inú afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí òógùn gbẹ lára. Kọnkéré àti títì ọlọ́dà á fa oòrùn mu lọ́sàn-án, wọ́n á máa tú u jáde lóru, débi pé ilẹ̀ á ṣú, ara ò ní tù.

Abẹ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń dúró de reluwé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Éèsì wà nínú ọkọ̀ o, àmọ́ ooru tí éèsì yẹn ń lé jáde àti èyí tó ń ti ara bíréèkì wá, ẹni tó dúró síta ló ń gbà á. Tí ọkọ̀ bá dé tí gbogbo kọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, tí ẹyọ kan ṣoṣo wá ṣófo, ẹ má sáré kó wọ ibẹ̀ o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé éèsì rẹ̀ ti kú.

Nítorí orúnkún màmá, bọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ máa wọ̀. Ibùdó reluwé tí kò ní lífíìtì pọ̀, àtẹ̀gùn lẹ ó máa gùn. Bọ́ọ̀sì máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàlagbà, màmá á sì máa wo ìgboro lójú fèrèsé. Ọmọ tí kò bá ga ju 44 ínǹṣì kì í sanwó, títí dé ọmọ mẹ́ta fún àgbà kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé erékùṣù Statue of Liberty gan-an, ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ bá lọ. Wọ́n máa ń yẹ ara wò bíi ti pápákọ̀ òfurufú, ìlà yẹn sì máa ń gùn. Ká ní èmi ni, ọkọ̀ ojú omi Staten Island Ferry ni màá gbé màmá wọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, bíi ìṣẹ́jú 25 ni, ẹ ó rí ère náà láti ojú omi, atẹ́gùn á sì fẹ́ sí wọn lára. Ẹni tó bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún yín, gbájúẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ (Maryland): Ẹ wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá. Tí èyí tó ń mú wọn tọ̀ bá wà níbẹ̀, omi ara wọn á tètè gbẹ. Ẹ má ní kí wọ́n dá a dúró o! Dókítà wọn ni kẹ́ ẹ bi kí wọ́n tó kúrò n'Íbàdàn. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ mu omi lójú ọ̀nà torí wọn ò fẹ́ máa wá ibi tí wọn ó ti tọ̀, nítorí náà ẹ ti mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ wá máa bu omi fún wọn díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ń dàrú, tí ara wọn gbóná janjan, 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ máa fomi tútù nù wọ́n kí ọkọ̀ pàjáwìrì tó dé. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò. Owó ilé ìwòsàn ibí kì í ṣe ohun àfẹnusọ.

Sisí Peckham: Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n jù jàre. Òtútù ló fẹ́ pa àwọn ọmọ tèmi níbẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń tan éèsì nínú ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ. Ẹ mú súwẹ́tà dání! Láti agogo 11 sí 4, inú ilé ni kẹ́ ẹ wà. American Museum of Natural History lèmi máa yàn fáwọn ìbejì: egungun dáínósọ̀, àti àwòṣe ẹja àbùùbùtán tí wọ́n so kọ́ òkè, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 94. Ẹ fi Met, ilé ìkó-iṣẹ́-ọnà-sí ńlá ibẹ̀, sí ọjọ́ Jímọ̀ tàbí Sátidé, wọn kì í tì títí di agogo 9 alẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá ti ilẹ̀ Áfíríkà ṣí ní 2025, màmá á rí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa níbẹ̀. Ọjọ́rú ni kẹ́ ẹ má lọ o, wọn kì í ṣí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Bàbá Ìbejì ti gbé Times Square sí alẹ́, wọ́n ní ṣebí iná rẹ̀ la fẹ́ wò. Ẹnì kan wá ní òun ní fúláàtì òfìfo ní Queens tí òun lè fún wa fún ọ̀sẹ̀ kan, ká sanwó ṣáájú. Ṣé ká gbà?

Bàbá Bronx: Rárá o! Láti oṣù kẹsàn-án 2023, òfin ìlú yìí ti le. Ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò fún ọjọ́ tí kò tó 30 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, àlejò kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ẹ̀yin mẹ́fà! Òtẹ́ẹ̀lì ni, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá éèsì yàrá ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ìjọba ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni.

Sisí Peckham: Ọ̀fẹ́ ni, láti ìparí oṣù kẹfà títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Àmọ́ ẹ mú àgádágodo gidi dání, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọlé láìsí i. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, funfun lásán ni. Wọ́n sì máa ń lé gbogbo èèyàn jáde fún wákàtí kan lọ́sàn-án kí wọ́n lè tún ibẹ̀ ṣe, nítorí náà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ dé.