Kí lẹ ń gbé sórí tábìlì pẹ̀lú playdough?

Ìyá Jẹ́léósinmi, Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ 11 ló wà lọ́dọ̀ mi ní jẹ́léósinmi, láti ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin. Ní táàmù tó kọjá, mo lọ ra playdough alágolo ní Dùgbẹ̀, ìyẹ̀fun pípò aláwọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń mọ nǹkan ṣeré, òun àti àwọn rọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sí i: ti ìràwọ̀, ti ẹja, ti òdòdó. Ẹ má bi mí léèló, ọkọ mi ò tíì mọ̀ títí dòní.

Ọjọ́ mẹ́ta layé fi dùn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, gbogbo àwọ̀ ti dà pọ̀ di ẹrẹ̀, àwọn méjì ti ń jà sí ẹja kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti tẹ ìràwọ̀ mẹ́ta á dìde, á ní òun ti ṣe tán. Ìṣẹ́jú márùn-ún! Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò ni, àbí nǹkan kan wà tó yẹ kí n fi kún un? Mi ò lówó mìíràn láti ná o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ wí fún mi.

Káfíńtà Ṣáńgo

Tíṣà wa, ẹ kú làálàá. Èmi ò kọ́ ẹ̀kọ́ tíṣà, ṣùgbọ́n mo ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Igi mọ́ọ̀bù tó ti dá, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi sánpépà ha á kó dán, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì má mú. Ẹ má kùn ún lọ́dà, torí wọ́n á gé e jẹ. Òun ni wọ́n á máa fi yí i pẹrẹsẹ bí àwọn tó ń ṣe mítípáì. Tí ẹ bá gbé igi wá sí ìsọ̀ mi, mo lè gé mọ́kànlá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá Òkè-Àdó

Ìyá Mọ́níyà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún 29 ni mo fi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ jẹ́léósinmi kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe mí rí. Rọ́bà yẹn ló fà á. Kí ọmọ tó jókòó, rọ́bà ti bá a ṣe ìràwọ̀ tán; kí ló wá kù fún òun? Ẹ kó wọn pamọ́ fúngbà díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọwọ́ lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pò ó, kí wọ́n fún un, kí wọ́n ṣù ú, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí irinṣẹ́ máa jáde, méjì péré lójúmọ́. Ohun tó lè fi àmì sílẹ̀ ni mo máa ń wá: òòyà, fọ́ọ̀kì, ìdérí ìgò, kọ́kọ́rọ́ tí àgádágodo rẹ̀ ti bàjẹ́, ìkarahun ìgbín tí mo fọ̀ tí mo sè, ewé máńgòrò tí iṣan rẹ̀ yọ gbangba. Ilé ìdáná yín ti kún fún un.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan, kò tíì pé mẹ́ta, a kì í gbóhùn rẹ̀ ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kan mo fi òòyà síwájú rẹ̀, mo sì kọjá lọ bí ẹni tí ò rí i. Ó fi eyín òòyà wọ́ orí ìyẹ̀fun náà, ìlà là gààrà. Ó tẹ orí ba débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì, ó ń wò ó. Ó tún wọ́ òòyà ní ìbú, ó di ẹní. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé asẹ́ tíì kékeré fún un, èyí tó jẹ́ onírin. Ó ki ìyẹ̀fun bọ inú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yí i padà, fọ́nrán tín-ín-tìn-ín ti yọ lódìkejì. “Irun ń hù!” Igbe tó ké, n ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti pín irun náà sí mẹ́ta, ó fẹ́ máa dì í.

Mo tún ní ìró àdìrẹ kan láyé ìgbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé òpó gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí ló máa ń tẹ̀ léra wọn nínú rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ọ̀rá funfun bò ó, mo wá kó ṣíbí àti sípágẹ́tì gbígbẹ sílẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Àwọn kan fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi sípágẹ́tì tẹ ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí aṣọ náà gan-an. Ọmọkùnrin kan gbé sípágẹ́tì nàró, mẹ́fà, méje, ó ní Màpó nìyẹn. Òrùlé ló wá kù. A ya bébà òkè kúrò lára páálí bísíkíìtì títí inú rẹ̀ tó rí wínníwínní fi hàn bíi páànù, ó sì gbé e lé e lórí. Ó wó. Ó tún un kọ́, ó wó. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn tán síbẹ̀.

Ní ti owó, ẹ se tiyín. Fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1, omi ife 2, òróró ṣíbí ìjẹun 2, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí 2. Òun ló máa rọ́pò cream of tartar tí àwọn òyìnbó máa ń dárúkọ, ẹ má dààmú ara yín káàkiri Bódìjà nítorí rẹ̀. Ẹ pò ó kó má ní kókó, ẹ gbé e kaná kékeré, ẹ máa rò ó bí ẹni ro àmàlà. Á kọ́kọ́ dà bí ẹ̀kọ, á wá máa ṣù jọ. Ẹ má tètè sọ̀ ọ́ o! Ẹ má fi í sílẹ̀ láìsè náà, torí fúláwà tútù lè ní kòkòrò àìsàn nínú, ọmọdé ò sì ní ṣàì tọ́ ọ wò. Inú ike kọ́sítáàdì tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ kó o sí. Ọjọ́ tó bá hu, ẹ dà á nù.

Fún àwọ̀: àtalẹ̀ pupa fún ti òféèfèé, omi sóbò fún ti pupa, omi ẹ̀fọ́ tí ẹ gún tí ẹ sẹ́ fún ti ewé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná máa ń mú un ṣú díẹ̀. Tí ẹ bá bu èlùbọ́ díẹ̀ sí ọ̀kan, ẹ ti mọ ohun tí ọmọ Ìbàdàn máa pè é.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan òyìnbó. Ti agolo yẹn fúnra rẹ̀, ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n fi ń nu èéfín kúrò lára pépà ògiri ni tẹ́lẹ̀. Tíṣà jẹ́léósinmi kan ló gbé e fún àwọn ọmọ rẹ̀, kó tó di ọjà eré ní 1956.

Bàbá Ìbejì, Àpẹ̀tẹ̀

Màmá, a dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí n má dákẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wà, bọ́tìnnì, ọmọ ayò: ẹni tí ò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má gbé e sún mọ́ ọn. Páálí àárín tíṣù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ sì bi àwọn òbí bóyá ara ọmọ wọn gba fúláwà, torí àwọn mìíràn wà tó máa ń lé sí lára.

Ẹ má sì jẹ́ kí ajá rí i jẹ. Tiwa jẹ odidi òkìtì kan lọ́dún tó kọjá, iyọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òru la gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, tó ń bì, tó ń gbọ̀n.

Ìyá Jẹ́léósinmi, Mọ́níyà

Màmá, ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣé púpọ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Àkọ́sè mi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí àtè, mo ti yára sọ̀ ọ́. Mo dá a padà síná, ó sì ṣù jọ bẹ́ ẹ ṣe wí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ lásán yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ò pé lọ́dọ̀ mi; lọ́jọ́ karùn-ún ni mo gbé òòyà jáde, ẹ má bínú.

Èlùbọ́ ló wá dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ àná mo kó ti dúdú, ti òféèfèé àti ti ewé kalẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí àti ìdérí ike. Kí n tó yíjú, wọ́n ti ṣí bùkà. Ọ̀kan ń ṣù àmàlà, ọ̀kan ń ge ẹran, àwọn oníbàárà tò. Wọ́n gbé abùlà fún mi, mo ṣe bí ẹni ń jẹ, mo fẹ́ dìde. Èyí tó kéré jù nínú wọn fa yẹ̀rì mi: “Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ ò tíì sanwó.” Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n lò nídìí rẹ̀, èmi ni mo lé wọn dìde.

Mo gbàgbé rọ́bà ìràwọ̀ kan sábẹ́ tábìlì, ọ̀kan nínú wọn sì rí i. Kò fi tẹ nǹkan kan. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, òun ló fi ń bu gbẹ̀gìrì.

Bàbá Káfíńtà, igi mọ́ọ̀bù méjì ti wà nílẹ̀ o. Ṣé ẹ máa wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?