Ṣé orí mi ló ń dàrú ni, àbí ẹnìkan ló ń dà á rú? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó bèèrè:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí ádímíìnì bá mi fi orúkọ pamọ́ torí àwọn ẹbí ọkọ mi wà níbí. A ò tíì pé ọdún kan tá a ṣègbéyàwó, Ìkòròdú la ń gbé, kò sọ́mọ ọ̀dọ̀, kò sí ẹbí kankan lọ́dọ̀ wa, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí torí tí nǹkan bá kúrò nípò ẹ̀, èmi àti òun náà ni.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí fíríìjì, inú àpò ìrẹsì ni mo ti bá a. Mo pa gáàsì, mo tún padà lọ wò ó kí n tó lọ sùn, ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi ní òun bá a ní títàn, ọpẹ́lọpẹ́ òun. Owó àjọ tí mo kà pamọ́ dín, ó ní èmi fúnra mi ni mo ní kóun mú nínú ẹ̀, mi ò rántí rárá. Èyí tó wá dójú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí màmá ọkọ mi fi hàn mí lórí WhatsApp inú fóònù wọn, ìsọkúsọ tí wọ́n ní mo kọ sí wọn lóru, nọ́ńbà mi ni, fọ́tò mi ló wà níbẹ̀, kódà bí mo ṣe máa ń kọ "màámi" ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo wo fóònù tèmi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ṣáà kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Ọkọ mi kì í pariwo o. Ká ní ó ń pariwo ni, ì bá sàn. Á kàn fà mí mọ́ra, á ní "Ìfẹ́ mi, o tún ti gbàgbé, má da ara ẹ láàmú, a máa jọ bójú tó o." Nígbà tá a ń fẹ́ra ni mo sọ fún un pé àbúrò màmá mi kan ṣàìsàn ọpọlọ rí, ní báyìí ó ti lọ sọ fún ìyá mi pé ó jọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìyá mi ti ń gbààwẹ̀. Ó ní kí n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí n sinmi, ó tún ní ọ̀rẹ́ òun kan tó jẹ́ dókítà máa wá wò mí nílé. Ẹ̀fọ́rí ni mo fi ń jí láràárọ̀, ojú mi á wúwo bí ẹni tó mutí mọ́jú. Ṣé wèrè ló ń bọ̀ lára mi ni? Ẹ má bú ọkọ mi o, ẹ ṣáà sọ ohun tí mo máa ṣe.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ṣé kì í ṣe oyún? Nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì mi, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ sáàárín aṣọ. Lọ yẹ ara ẹ wò, kó o sì máa gbàdúrà, ọkọ tó ń fa ìyàwó mọ́ra ò pọ̀ níta.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Oyún kì í kọ ìsọkúsọ sí ìyá ọkọ mà. Sístà, ibo lẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Tó bá wà lẹ́bàá wíńdò yàrá, carbon monoxide inú èéfín ẹ̀ ò lóòórùn, ẹ ò sì lè fojú rí i, ẹ̀fọ́rí ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á da iyè èèyàn rú, ó sì ń pani. Ọkọ yín ńkọ́, ṣé orí ń fọ́ òun náà? Torí èèyàn méjì tó bá sùn nínú yàrá kan náà, èéfín kì í yan ọ̀kan.

Ẹni tó bèèrè:
Ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún ló wà, a kì í sì í tàn án mọ́jú, epo ti wọ́n jù. Ara ọkọ mi le koko. Fàítámì nìkan ló máa ń fún mi lálẹ́ kí n lè rí oorun sùn dáadáa.

Apòògùn Àdúgbò:
Ẹ dúró níbẹ̀. Fàítámì wo ló ń kun èèyàn lóorun? Ṣé inú páálí ẹ̀ ló ti ń mú un fún yín?

Ẹni tó bèèrè:
Inú ọ̀rá funfun ni sà. Ó ní bí wọ́n ṣe kà á fún òun nílé oògùn nìyẹn.

Apòògùn Àdúgbò:
Mi ò sọ pé ọkọ yín ṣe nǹkan o, mi ò rí oògùn yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn tó ń kunni lóorun bíi diazepam àti bromazepam, tí wọ́n ń pè ní Valium àti Lexotan, èèyàn lè lò ó kó dìde, kó sọ̀rọ̀, kó ṣe nǹkan, tílẹ̀ bá mọ́ kó má rántí. Ẹ mú ẹyọ kan pamọ́, ẹ gbé e lọ fún apòògùn tí kò mọ ọkọ yín, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ yín wò níbi àyẹ̀wò, ó máa ń hàn nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ má ṣàdéédéé jáwọ́ o, gìrì lè gbé yín, dókítà ló yẹ kó bá yín dín in kù.

Bàbá Onílé:
Ẹ ò rí i! Ẹ ti sọ ọkọ ọlọ́kọ di apààyàn. Báyìí lẹ ṣe ń tú ilé onílé ká.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Oògùn tí kò lórúkọ, èmi ò jẹ́ gbé e mì láéláé, ọmọ mi náà ò gbọdọ̀ gbé e mì.

Atúnfóònùṣe:
Ẹ jẹ́ ká fi ti oògùn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tó jáde lórí nọ́ńbà yín tí ẹ ò rí nínú fóònù yín, ó níbi tó ti jáde. Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tò sókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Linked devices, ibẹ̀ ló ti ń kọ ẹ̀rọ míì tó so mọ́ WhatsApp yín, ẹni tó wà lórí ẹ̀ lè kọ ọ̀rọ̀ lórúkọ yín kó sì pa á rẹ́. Kí lẹ rí?

Ẹni tó bèèrè:
Ó kọ Google Chrome, Windows. Ó ní òru àná ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Èmi ò ní kọ̀ǹpútà o. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé wa.

Atúnfóònùṣe:
Ẹ má tíì yọ ọ́, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ó máa mọ̀. Ẹ fi fóònù ẹlòmíì yà á ní fọ́tò. Ẹ má sì kọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí sórí WhatsApp yẹn, ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn ń rí gbogbo ẹ̀.

Lọ́yà Obìnrin:
Àbúrò mi, mi ò dájọ́ o, ẹ̀rí ò tíì pé. Àmọ́ ní Èkó níbí, òfin tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ti wà láti 2007, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló kà sí ìwà ipá, kéèyàn máa da ọkàn ẹlòmíì láàmú wà níbẹ̀, kóòtù sì lè fún ẹ ní ìwé ààbò. Lọ bá àwọn DSVA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n, wọn kì í gbowó. Má jẹ́ kí dókítà ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn wá sílé. Tó o bá fẹ́ mọ bí orí ẹ ṣe wà, fẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, kí ẹni tó o fọkàn tán sìn ẹ́ lọ, kì í ṣe ibi wèrè ìgboro nìkan bí wọ́n ṣe máa ń sọ, ìwé tí wọ́n bá sì kọ fún ẹ níbẹ̀ á wúlò ju àhesọ lọ. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2023 ti rọ́pò òfin wèrè ti 1958, ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú ẹ̀, ẹnu ọkọ nìkan ò tó láti tì ẹ́ mọ́bì kankan. Kó o fiṣẹ́ sílẹ̀ kẹ̀? Owó oṣù ẹ nìyẹn o!

Ẹni tó bèèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣàgámù, mo sọ fún ọkọ mi pé ara ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò yá. Mo so ẹyọ oògùn kan mọ́ etí ìró mi, ẹ̀gbọ́n mi ti fi fóònù wọn ya Linked devices yẹn, a máa lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ lọ́la, lẹ́yìn náà a máa rí dókítà. Ọkọ mi ti pè. Kò béèrè ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo gbé fàítámì mi dání.

Ádímíìnì:
Mo ti ti ìdáhùn pa. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ẹ̀gbọ́n ẹ̀, lọ́yà wa náà sì ti gba nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó bá fura pé òun mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan sí i lórí WhatsApp, ẹ má sì pe ọkọ ẹ̀.