Kí ni kí n pe glaucoma tó máa yé màmá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Dókítà ní cataract àti glaucoma ló ń da màmá mi láàmú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún wọn ní Yorùbá kò ju pé ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Màmá wá gbà pé àìsàn kan ṣoṣo ni, pé bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ, oògùn kíkán sójú parí nìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Cataract kò le ṣàlàyé: dígí inú ẹyinjú ló di kùrukùru, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi àtọwọ́dá sí i. Ṣùgbọ́n glaucoma, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ló ń bà jẹ́, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Màmá ṣì ń ka owó l'Ọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, àmọ́ èjìká wọn ń gbá ẹnu ọ̀nà.

Mo pè é ní "ìfúnpá ojú", wọ́n ní àwọn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru!

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí òbí yín ní in, kí lẹ̀ ń pè é? Ó máa ń tẹ̀lé ìdílé, mo sì tún fẹ́ fi orúkọ náà kó àwọn àbúrò mi lọ yẹ ojú wò.