Àwọn ẹni tuntun kì í padà wá: báwo ni mo ṣe lè bá ẹ̀gbọ́n wa sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ wa kékeré ní Òke-Fìà, níbí ní Òṣogbo. A ń túmọ̀ àwọn sọ́fítíwíà olómìnira, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò kó sì tún ṣe, sí Yorùbá, a kì í gba kọ́bọ̀. Sátidé la máa ń pàdé, kálukú á gbé láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ wá, a ó dáwó epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín wa. Ká má parọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ wa ti jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹni tuntun bá gbàgbé àmì ohùn kan péré, á jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo wa. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá, ó túmọ̀ gbólóhùn mẹ́rìnlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kò sọ ìdí. Ọmọ náà pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, ó kí wa pé ó dàbọ̀, a ò rí i mọ́. Mo jókòó níbẹ̀, n ò lanu. Ó ń dùn mí dòní.

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bínú kúrò. Báwo ni mo ṣe máa bá a sọ ọ́, èmi tó jẹ́ àbúrò?

Ìyá Ìbejì, Ìgbóǹnà:
Àbúrò mi, má sọ ọ́ lójú ẹgbẹ́ o. Lọ bá a nílé, dọ̀bálẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀. Ohun tójú rẹ rí ni kí o sọ, má fi "wọ́n ní" kún un. Bóyá ẹ̀rù ló ń bà á pé iṣẹ́ tó fi òru ṣe yóò bàjẹ́. Kí o sì pe ọmọ yẹn, kí ìwọ fúnra rẹ bẹ̀ ẹ́.

Bọ̀dá Debian:
Òótọ́ ni Màmá sọ, àmọ́ tó bá tún ṣe é lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ìlànà yín sílẹ̀. Ní 1993 ni Ian Murdock dá Debian, sọ́fítíwíà olómìnira kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, 2014 ni wọ́n tó dìbò fún ìlànà ìwà. Ọdún mọ́kànlélógún! Ẹ má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún sọ ti Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux tí wọ́n gbé Debian lé lórí, fún ẹ̀gbọ́n: ní 2018 ó tọrọ àforíjì ní gbangba lórí bó ṣe máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sáwọn tí wọ́n jọ ń ṣe Linux. Ó yẹra fúngbà díẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba Linux lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Bàálẹ̀:
Ẹ ya àwọn gbólóhùn kéékèèké sọ́tọ̀ fún àlejò, kí ẹnì kan jókòó tì í. Ìlú wa yìí náà ńkọ́? Ijó ni Twins Seven-Seven, gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, ń jó nígbà tó wọ Òṣogbo. Ní 1964, wọ́n gbà á sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà tí Georgina Beier ṣe, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n lé e pé oníjó lásán ni ńkọ́?

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe ọmọ náà. Ó ní pípa tí wọ́n pa á rẹ́ kọ́ ló dun òun, pé kò sẹ́ni tó fi ibi tóun ti ṣìṣe han òun ni. Ó ti fi gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ránṣẹ́ padà sí mi. Lálẹ́ ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, mò ń gbé wọn lọ sílé ẹ̀gbọ́n.