Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó wà lórí fóònù àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí òkè

Láti Kúbúwà, Abuja

Ẹ kú àkókò yìí o. Ẹ bi wá bóyá èèyàn lè gbára lé nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tí fóònù ń sọ tẹ́lẹ̀ tó bá fẹ́ gun òkè. Òkè Shere lẹ́bàá Jos ni mo ti rí tèmi. Àárín ọyẹ́ ni. Fóònù ní afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀, torí ìyẹn ò ju kí eruku dìde nílẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí òkè gígun ti mọ́ lára, ló gba fóònù náà. Ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "gusts" sí. 45 ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, èyí gan-an la máa bá pàdé lókè. 20 yẹn, àròpọ̀ tí wọ́n pín dọ́gba ni. 45 ni ti ìgbà tó bá rọ́ dé lójijì."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Lẹ́yìn àpáta ńlá kan, ó pa rọ́rọ́ bí inú yàrá. A gbẹ́sẹ̀ kan jáde, afẹ́fẹ́ já ìborùn gbà lórí arábìnrin kan, ó sì ti gbé e sọ sínú àfonífojì kó tó nawọ́ mú un. Mo da omi látinú ìgò sẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ni omi náà gbà lọ, kò kàn mí létè. Ẹ̀gbọ́n ní ká lóṣòó, ká di òkúta mú títí á fi rọlẹ̀ díẹ̀, ká tó tún rìn. Ó máa ń rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ padà. Tí èèyàn bá sì wà létí àpáta, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti tì í ṣubú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nìyí: bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. 40 kì í ṣe 20 méjì lára yín, 20 mẹ́rin ni.

Láti Jos

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Àwọn èèyàn wa láti Abuja á tẹ "Jos" sórí fóònù, nọ́ńbà tó bá jáde ni wọ́n á gbára lé gun Shere. Ìgboro Jos fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ, orí Shere sì súnmọ́ 1,800. Mítà 10 péré sókè ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò afẹ́fẹ́ yẹn sí, kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò rẹ̀ sì máa ń da òkè àti àfonífojì pọ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Nígboro, igi àti ilé ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Lórí òkè, kò sóhun tó ń dí i, góńgó òkè tún ń fún un pọ̀, eré rẹ̀ á wá le sí i. Ẹ wá ìkànnì ojú ọjọ́ tó máa ń béèrè gíga òkè lọ́wọ́ yín kó tó sọ bí afẹ́fẹ́ á ṣe fẹ́.

Ẹ yẹ ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n wò pẹ̀lú. Àbúrò ọkọ mi rí 12, ó ní afẹ́fẹ́ wẹ́rẹ́ ni. Mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni 12 yẹn! Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6, ó ti lé ní 43 kìlómítà ní wákàtí kan. Nígbà ọyẹ́ sì rèé, tí oòrùn bá ti yọ, tí ẹ rò pé ó máa rọlẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń le sí i títí di ọ̀sán.

Láti Gembu, Taraba

Níbí lórí òkè Mambilla, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Nọ́ńbà lè wà ní 10 láti àárọ̀, kí ìjì tó ń ṣíwájú òjò dé lọ́sàn-án. Apá ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Bí ibẹ̀ bá ti ṣú dúdú, àwa kì í wo fóònù mọ́, a ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.

Ta ló ti gun òkè Chappal Waddi nínú yín nígbà ọyẹ́? 2,419 mítà ni, mo sì fẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni "gusts" tí ẹ bá níbẹ̀?