Strut bar fún Corolla 2005: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti de é rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Òmù-Àrán

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà. Láràárọ̀ Sátidé ni mo máa ń ti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, n óò gba Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìdòfìàn àti Gánmọ́ kọjá, ọjọ́ Àìkú ni mò ń padà. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà wá ki irin kan mọ́ ẹrù tó fi ránṣẹ́ sílé. Strut bar ni wọ́n ń pè é: irin pupa kan tí wọ́n ń gbé dábùú orí ẹ́ńjìnnì, tó so orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ó ní tí mo bá dè é, ọkọ̀ mi á dúró ṣinṣin ní kọ́nà. Àmọ́ "Matrix 2003–2008" ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, wọn ò dárúkọ Corolla.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń ra adìẹ lọ́jà, ó wá ní ká fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ká tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín orí ṣọ́ọ̀kì, ká fi irin náà há a. Ọkàn mi ò gbà á. Mo ní mò ń bọ̀, n ò sì padà.

Ṣé yóò bá ọkọ̀ mi mu? Ṣé á sì dá ariwo kó-kó-kó tí ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ń pa tí mo bá bọ́ sí kòtò dúró?

Baba Sípánà

Tíṣà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sá. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín yẹn láéláé! Òun ló ká sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Tó bá tú, agbára tó wà nínú sípíríǹgì yẹn lè ba ojú èèyàn jẹ́. Àwọn nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́ta tó yí i ká lẹ ó tú, sípánà 14 ló ń gbà.

Ẹ má sì lo jáàkì. Ibi tó tẹ́jú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, bíréèkì ọwọ́ lókè. Ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa di ṣọ́ọ̀kì mú sáyè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè tẹ́ ẹ tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣọ́ọ̀kì á rọ̀ wálẹ̀, ẹ ó wá máa fi irin wá ihò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ parí ẹgbẹ́ kan kẹ́ ẹ tó tú èkejì.

Ní ti Matrix, ìyá kan náà ló bí òun àti Corolla yín. Ìsàlẹ̀ kan náà ni Toyota kọ́ àwọn méjèèjì lé. Síbẹ̀, ẹ mú páálí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí bóòlùtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ojú wọn yọ, kẹ́ ẹ fi wé ihò ara irin náà kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan gun orí sípánà o. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla ń gba 103 newton-mítà, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dè é. Àwọn kékeré wọ̀nyí ò tó ìdajì ẹ̀. Bóòlùtì tó bá kán níbẹ̀, orí ṣọ́ọ̀kì tuntun lẹ máa rà. Tí irin àárín bá jẹ́ èyí tó ṣe é yí, ẹ yí i títí tí kò fi ní mì mọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fi ti ara ọkọ̀ síta.

Ariwo yẹn ńkọ́? Strut bar ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Línkì sítábiláísà, irin kékeré tó so ọ̀pá sítábiláísà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwọn rọ́bà oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀, lẹ́yìn náà orí ṣọ́ọ̀kì.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Matrix ni tèmi, mo ti dè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo pa á dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ "gbàù", irin ti ti bọ́nẹ́ẹ̀tì láti inú, ojú rẹ̀ wú bí eéwo. Ẹ̀bà ni mo fi wò ó lẹ́yìn tí mo tún un ṣe: ẹ tẹ̀ ẹ́ kó le dáadáa, ẹ bu bí ẹyin, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ tò ó mẹ́ta sórí irin náà, kẹ́ ẹ rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, bí ẹ̀bà bá ti tẹ́ bí ewé, ẹ má wakọ̀ náà. Tèmi ṣẹ́ kù tó nípọn ìka kan.

Alágídí Tánkẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ojú ọ̀nà tiwa yìí kọ́ ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún. Kòtò ni ìṣòro wa, kì í ṣe kọ́nà. Tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, ẹ̀ṣọ́ lásán ni irin pupa. Tí ọkọ̀ bá sì gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin yẹn lè gbé agbára rẹ̀ dé orí ṣọ́ọ̀kì kejì.

Baba Sípánà

Òótọ́ lo sọ. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún Tíṣà, jẹ́ kó dè é.

Tíṣà Òmù-Àrán

Ẹ ṣé o. Línkì ọ̀tún ni! Orí rẹ̀ ń jó nínú ilé rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje. Mo pààrọ̀ méjèèjì, kó-kó-kó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo de irin náà, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bọ́ síra wọn láìjanpata. Lánàá, ní kọ́nà kí n tó dé Àjàṣẹ́, ìdarí dà bí ẹni pé ó yá sí mi lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣé irin ni àbí línkì? N ò lè búra.

Ìyàwó mi ló bá ẹ̀bà nínú ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ọkọ̀ náà ti wá ń jẹun báyìí, ọbẹ̀ wo ni kí òun bù sí i.